Bíréèkì Tó Le Bí Òkúta

Àkúrẹ́,
Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá, 2025

"Akínlolú ló fẹ́ pa mí! Ó jókòó sí ilẹ̀ Òyìnbó, ó tẹ fóònù, ó pa mọ́tò mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lórí eré! Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ulé yìí mọ́!"

Dádì, ohun tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán nìyẹn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. N kò sì tíì kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ara tèmi le. Ti Mọ́mì ni kò le.

Wọ́n dárúkọ yín gbàǹgbà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, "Dádì Mòní" ni wọ́n ń pè yín, kódà lọ́dún tí ẹ gbàgbé ọjọ́ ìbí wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti dínà nọ́ńbà yín kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ní Sọ́ńdè tó kọjá a lọ kí ìyá yín, Màmá, ní Oǹdó bí a ṣe máa ń ṣe. Orúnkún ń dun Màmá, wọ́n ní kí n dúró ti àwọn di Wẹ́sídeè, ni Mọ́mì bá dá wa mọ́tò padà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọjá Bọ́lọ́rundúró, wọn ò tíì dé Òwẹnà, ní kọ́nà ibi tí wọ́n ti máa ń sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, wọ́n tẹ bíréèkì, bíréèkì ò jẹ́ wọn. Mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà, ó gba orí kòkó kọjá, ó lọ forí sọ òkìtì yanrìn. Ọrùn ọwọ́ òsì Mọ́mì ṣẹ́. Gíláàsì iwájú fọ́ yángá. Bàbá tó ni kòkó ló fà wọ́n jáde. Mọ́mì ní bàbá náà ń kí àwọn pẹ̀lẹ́, ó ń ṣa kòkó kúrò nínú gíláàsì, ó tún ń kí àwọn pẹ̀lẹ́.

Mọ́mì ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Dádì, èmi náà gbọ́ ọ, fóònù wà lórí sípíkà ní Fúráìdè tó ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ ní, "Tí o bá tún gbé mọ́tò yẹn fún Kọ́láwọlé, màá pa á láti ibí, gbogbo yín á fẹsẹ̀ rìn." Mo mọ̀ pé torí Bọ̀dá Kọ́láwọlé ń fi í kó èrò ni, àbúrò Mọ́mì kì í gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ohun kejì. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè yẹn kan náà, mọ́tò kọ̀ kò ṣiṣẹ́ nínú ọgbà Màmá. Mọ́mì yí kọ́kọ́rọ́ títí. Ó tó ogún ìṣẹ́jú, ó kàn dédé ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì ní ẹ ń dán an wò ni. Ṣé ẹ̀yin ni?

Wọ́n ti gba fóònù mi, wọ́n ní màá máa gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ kọ ọ́. Joy tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, èyí tí ẹ bá kọ padà, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi. Ó ní òun kì í ka lẹ́tà oní-lẹ́tà. Irọ́ ni.

Ẹ sọ fún mi: ṣé èèyàn lè jókòó sí ìlú Òyìnbó kó mú mọ́tò forí sọ nǹkan ní Oǹdó? Ẹ má sọ pé ọmọdé ni mí. Lóòótọ́ SS2 ni mo dúró sí, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi ò dúró síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Monílọ́lá


Leeds,
Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá, 2025

Monílọ́lá ọmọ mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Bá mi kí Mọ́mì rẹ. Kí Ọlọ́run wo ọwọ́ náà sàn. Tí wọn ò bá fẹ́ gbọ́ orúkọ mi, ṣáà sọ pé ẹnì kan kí wọn. Ìwọ náà, o pariwo lé mi lórí kí o tó kí mi. Ṣé bí Màmá ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?

N kò ní purọ́ fún ẹ. Ohun tí o béèrè, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu.

O mọ̀ pé ọgbà tí wọ́n ti ń lu mọ́tò ní gbàǹjo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò bí ọgọ́ta ni mò ń wà láti ìlà kan sí ìkejì lójúmọ́. Àwọn tuntun inú wọn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi táyà sí ni. Wọ́n ní ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, wọ́n ń bá iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin méjì kan tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jókòó sílé ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ mọ́tò kan tó wà lórí títì márosẹ̀, wọ́n mú eré rẹ̀ rọlẹ̀ ní àárín àwọn tírélà. Oníròyìn ló ń wà á, ó sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń dán an wò ni. Mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan ni iléeṣẹ́ náà pè padà láti tún ṣe. Nítorí náà ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Mo bi ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ṣe níbi iṣẹ́ wa. Ó ní òun ò tíì gbọ́ ibi tí ẹni ibi ti gba ọ̀nà yẹn mú èèyàn ní jàǹbá. Ní tòun, àwọn olè tó ń fi jí mọ́tò gbé ni òun ń rí.

Ṣùgbọ́n mọ́tò Mọ́mì rẹ kì í ṣe irú ìyẹn. Mọ́tò ọdún 2009 ni. Kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan àfi tíráká tí Silas mẹkáníìkì fi sí i nítorí olè. Àpótí kékeré kan ni, káàdì síìmù wà nínú rẹ̀, ó ń sọ ibi tí mọ́tò wà fún fóònù mi. Tí mo bá tẹ ibi tí wọ́n kọ "dúró" sí, á gé iná tó ń lọ sí pọ́ǹpù epo, ẹ́ńjìnnì á kú. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kò dé ibi bíréèkì rárá.

Èyí tí n kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún ẹ ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, èèyàn á lè tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, lẹ́yìn ìyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í le, sítíárìn náà á wúwo.

Bá mi bi Mọ́mì rẹ ní ohun méjì. Ṣé bíréèkì náà lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ láìmú ni, àbí kò lọ sílẹ̀ rárá? Nígbà tí mọ́tò forí sọ yanrìn, ṣé ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́?

Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o béèrè.

Bàbá rẹ


Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá, 2025

Dádì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rí i pé mo ti kí yín kí n tó pariwo.

Mo dúró di ìgbà tí mò ń bá Mọ́mì fọ irun, torí píópì tí wọ́n fi di egungun náà ò jẹ́ kí wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọn ò sì lè sá fún mi nígbà tí ọṣẹ wà lójú wọn. Mo ní, "Mọ́mì, bíréèkì yẹn, ṣé ó lọ sílẹ̀ ni àbí kò lọ?"

Wọ́n ní, "Lọ síbo? Ó le bí òkúta! Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ta ló ní kí o béèrè?"

Mo ní kò sẹ́ni. Mo wá béèrè ti ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mò ń ké pe Jésù, ẹ́ńjìnnì ni kí n máa tẹ́tí sí?"

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Dádì, ẹ ní tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bíréèkì á le. Ó le. Láti ọjọ́ náà oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi dáadáa. Tí mo bá gbọ́ mọ́tò tó dákẹ́ lójijì ní títì Ọ̀dà, màá sáré lọ wo awakọ̀ rẹ̀.

Mo bi Joy. Ó ní kí ni pásíwọ́ọ̀dù tíráká náà. Mo ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀fà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní, "Bó ṣe ti ọjà wá nìyẹn! Dádì ẹ ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ há a lẹ́nu." Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà síìmù inú rẹ̀ lè pa mọ́tò náà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ẹlòmíì ni, Dádì? Àbí n kò gbọ́dọ̀ máa wá ẹlòmíì?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ìyá Bísọ́dún, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, wá síbí ní àná. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti yàrá. Ẹbí méjèèjì máa jókòó ní ilé Màmá ní Oǹdó ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ kan náà ni Màmá máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Mọ́mì ò kú.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ fò. Ti òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Mo ka lẹ́tà yín síwá sẹ́yìn, n kò rí i níbẹ̀.

Monílọ́lá


Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025

Dádì, ẹ kú àìkọ̀wé.

Ọjọ́ mẹ́wàá. Joy fi hàn mí pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì rẹ̀ ti di búlúù láti ọjọ́ kejì. Tí ó bá jẹ́ èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ yín tí n kò dáhùn, "aláìgbọràn" ni ẹ máa pè mí.

Mo purọ́ fún Mọ́mì nítorí yín. Mo ní ẹ tún ti kọ̀wé, pé ẹ ní kí n kí wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Kí ló tún sọ?"

Ní alẹ́ Sátidé wọ́n ṣí wọ́dúróòbù. Agbádá ìgbéyàwó yín, fìlà méjèèjì, bàtà tí ẹ ní a ò gbọ́dọ̀ wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ kan kó sínú báàgì Gana. Wọ́n ní àwọn á gbé e lé Màmá lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí jù mí lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi ni báàgì náà wà, mo máa ń kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mòní


Leeds,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá, 2025

Mòní,

Bẹ́ẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè yẹn, èmi ni mo pa mọ́tò náà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ fún ẹ pé mo rò pé Kọ́láwọlé ló ń wà á. Irọ́ ni. Mo rí i lórí fóònù pé ilé Màmá ló wà. Mo fẹ́ kí Mọ́mì rẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì tó ilé. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà níbí. Tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á ní "a gbọ́", wọ́n á ṣe èyí tó wù wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tó ogún ìṣẹ́jú, ojú tì mí, mo tú u sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ inú ọgbà, inú àpótí onírin ni tèmi wà. N kò tẹ nǹkan kan. Mo lè fi Bíbélì búra.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé, òun ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ yẹn, torí èyí àkọ́kọ́ ò fi àmì hàn. Mo pe Silas. Ó ní àṣẹ tíráká dà bí tẹ́ẹ̀sì orí fóònù ni, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dà rú, ó lè há síbì kan, kó wá dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Tí ó bá jẹ́ pé aago márùn-ún ni ìkejì dé ńkọ́? Mo dùbúlẹ̀, mo ń rí kọ́nà yẹn. Mo ti yí pásíwọ́ọ̀dù. Mo ti ní kí Silas gé wáyà tí mo fi lè dá mọ́tò dúró kúrò, kó ku èyí tó ń sọ ibi tó wà nìkan. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kò sí ẹni tó yẹ kó ní irú agbára yẹn lórí mọ́tò tí ẹlòmíì jókòó sí.

Ohun kan ṣoṣo ló lè yọ mí. Ẹnì kan ní láti ti yí kọ́kọ́rọ́ pa mọ́tò náà lẹ́yìn jàǹbá, tàbí kó bá a pé ó ti kú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èmi. Tí ó bá ti kú, kí wọ́n gbé fóònù sí àárín ẹbí, màá sọ ọ́ fúnra mi.

N kò gbàgbé ìlérí mi. Ní oṣù Kejìlá tí o bá pé ọdún mẹ́tàdínlógún, o máa kọ́ mọ́tò wíwà, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ, tí ojú ń tì


Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kọkànlá, 2025

Dádì,

Èyí ò ní dé ọ̀dọ̀ Joy. Ẹ̀yìn ìwé mi, níbi tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ikùn mi sí, ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo ṣáà fẹ́ bá yín sọ ọ́ kí n tó pa á mọ́.

Ní Wẹ́sídeè mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́nà Òwẹnà. Mo ní ilé ìránṣọ ni mò ń lọ. Bàbá oníkòkó wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní, "Háà, ọmọ ìyá oníyanrìn! Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?" Mo bi í ta ló yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Èmi náà ni. Mọ́tò ń hó wùù, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ṣì tẹ tọrotú tó ń fún un ní epo. Mo ní kó má lọ gbiná jó kòkó mi, mo na ọwọ́ wọlé, mo pa á."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, mo sunkún, bàbá náà ní kí n má sunkún sí kòkó òun, á bu.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Silas. Mọ́tò wà lẹ́yìn, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kan: ìwé orin, sálúbàtà Mọ́mì ẹsẹ̀ kan, agbòòrùn, àti ìgò òróró oníke kan. Ìgò náà ti tẹ̀ ní àárín, ìdérí rẹ̀ ti fò, ìlà márùn-ún sì wà lára rẹ̀. Mo gbé e lọ síbi bíréèkì. Ìlà márùn-ún ló wà lára rọ́bà bíréèkì. Rọ́ọ̀gì abẹ́ rẹ̀ rin fún òróró. Kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀. Gbogbo wọn ń wo tíráká.

Mo mọ ìgò náà. Ní Sọ́ńdè yẹn, lẹ́yìn ìsìn, Màmá ní kí n dúró lẹ́nu géètì kí n máa ṣọ́ Mọ́mì. Mọ́mì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan sínú mọ́tò mi." Màmá fi í sábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Òróró tí Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti gbàdúrà sí ni. Wọ́n ní, "Kí ọwọ́ ayé má tó o." Èmi ni mo ṣọ́ ọ̀nà. Ó yí wá síwájú ní kọ́nà, ó há sábẹ́ bíréèkì.

Kò sí ilé kan ní Òkè-Lísà, àdúgbò wọn, tí Màmá ò tíì dé. "Òróró ló gbé e! Ìbá ti kú!" Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ló máa jó lẹ́yìn wọn ní Sọ́ńdè. Tí mo bá sọ èyí tí mo rí, Mọ́mì á dìde láàárín ẹbí, wọ́n á ní ọmọ kọ́, ìyá rẹ̀ ló fẹ́ pa àwọn. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn ò ní jó mọ́ láyé wọn. Tí mo bá sì dákẹ́, báàgì Gana á lọ sí Oǹdó. Tí mo bá sọ ti ẹ́ńjìnnì nìkan, Mọ́mì á ní, "Kí ló wá mú bíréèkì le?" Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàbọ̀.

Ẹ rántí ìgò omi mi, aláwọ̀ ewé yẹn? Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni Mọ́mì ti pariwo lé mi lórí nítorí pé mo máa ń jù ú sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé, "Ọjọ́ kan ni ìgò yìí máa pa wá." Kò sẹ́ni tó máa ṣiyèméjì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé mo máa ń ju nǹkan káàkiri.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Silas ní òwúrọ̀ yìí. Mo ní mò ń wá ẹsẹ̀ sálúbàtà kejì. Mo ti rọ omi kún ìgò náà bámúbámú, mo fi í sábẹ́ bíréèkì, mo jókòó síbi awakọ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ìlà márùn-ún fi jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó síbẹ̀ nìyẹn. Sítíárìn náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo dì í mú díẹ̀.

Mo ti ri ìgò Màmá mọ́lẹ̀ ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé.

Lọ́la màá gbé ìgò aláwọ̀ ewé síwájú Mọ́mì, màá ní tèmi ló há sábẹ́ bíréèkì. Wọ́n á pariwo, wọ́n á gbá mi létí pẹ̀lú ọwọ́ tó kù. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí nọ́ńbà yín. Ẹ̀yin náà á bínú, mọ́tò wíwà oṣù Kejìlá á sì lọ nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ̀. Lẹ́tà tí Joy máa fi ránṣẹ́ sí yín ò ní ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ní Sọ́ńdè, tí Màmá bá ń jó lọ síwájú pẹpẹ, èmi ni màá di ọwọ́ wọn mú nítorí orúnkún.